Gàárì Igi àti Igbà Tí Mi Ò Dá Padà

Àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọdẹ fún oṣù mẹ́ta yìí. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí gàárì igi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé wá láti Amẹ́ríkà, torí pé ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ nípa ẹ̀, ẹ sì ń béèrè. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ẹ̀ tí mo jẹ ẹnìkan ní gbèsè, mi ò sì lè kọ ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ kà á dópin.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a ṣe Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ọdún tó kọjá, èyí tó máa ń bọ́ sí 20 oṣù Ògún, ni ọmọ náà dé sí abà wa lápá Ọ̀dẹ́dá. Ó ti ń wí fún mi lórí fóònù tipẹ́ pé, “Bàbá Kékeré, mò ń gbé gàárì kan bọ̀ fún yín.” Ìyàwó mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ gàárì ní gàrí. Ó ní, “Gàrí kẹ̀? Ṣé wọ́n sọ fún un pé gbágùúdá ti tán nílẹ̀ Ẹ̀gbá ni?” Títí ọmọ fi dé, ọ̀rọ̀ gàrí yìí la fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọdé tiẹ̀ ti bu omi tútù sínú abọ́ dè é.

Nígbà tó tú àpò, aṣọ líle kan ló kọ́kọ́ fà yọ, ó fẹ̀ tó ìdí èèyàn. Ìgbànú kan yí i ká níbi ìbàdí, méjì mìíràn sì gba ìdí itan méjèèjì. Okùn kúkúrú kan wà níwájú, ó ti ìbàdí ọ̀tún lọ sí ìbàdí òsì. Okùn kejì gùn ju ìyẹn lọ: òun lèèyàn máa yí mọ́ igi lókè orí ara rẹ̀, tí yóò fi ìkọ́ irin kan so ó pọ̀ mọ́ okùn kúkúrú iwájú. Kókó kan wà lára okùn igi yìí. Bí o bá fọwọ́ tì í, yóò yọ̀ lọ sókè, yóò yọ̀ wá sísàlẹ̀. Bí o bá gbára lé e, yóò fún mọ́ okùn, kò ní í mì. Gàárì náà fúnra rẹ̀ kò tó kílò méjì. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á kọjú sí igi, á fẹ̀yìn lélẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, á sì fẹsẹ̀ tẹ pẹpẹ kékeré kan tí a dì mọ́ ara igi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lófìfo láti fa ọrun.

Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ náà, jókòó sórí àpótí, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo nǹkan náà títí. Ó ní, “Igbà lèyí. Igbà tí wọ́n rán ìdí mọ́ ni.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìgboro, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọdẹ tó bá dúró nílẹ̀, òórùn rẹ̀ ló ń ṣíwájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹran. Imú ìgalà mú ju ojú rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ bí ewé gbígbẹ kan ṣoṣo bá ró. Ṣùgbọ́n ẹran kì í sábà wòkè. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń gun igi. Ibi tí èso ti ń bọ́, tàbí ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà lọ mumi, ibẹ̀ ni wọ́n ń wá igi sí. Wọ́n á to igi kéékèèké sáàárín ẹ̀ka tó pín, wọ́n á fi ìtàkùn dì í, á sì di ohun tí èèyàn lè jókòó lé. Òun là ń pè ní ẹ̀gùn. Ọdẹ á gùn ún kí ilẹ̀ tó ṣú, á sì dákẹ́ síbẹ̀ títí ẹran á fi dé.

Igbà ni wọ́n fi ń gun igi tí kò ní ẹ̀ka nísàlẹ̀. Igbà ni okùn líle tí akọpẹ àti adẹ́mu ń gbé yí ara rẹ̀ àti ara ọ̀pẹ ká. Á fẹ̀yìn tì í, á fẹsẹ̀ tẹ igi, á ju igbà sókè díẹ̀, á tún gbésẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó iná mànàmáná náà ń lo irú ẹ̀. Gàárì igi tí mò ń sọ yìí, ọmọ igbà ni. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, John Eberhart, ọdẹ ọlọ́fà ará Michigan, ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1980, ó sì ti kọ̀wé lórí irú iṣẹ́ ọdẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ adẹ́mu wa ti ń fẹ̀yìn ti okùn lórí ọ̀pẹ kí a tó bí bàbá bàbá wọn.

Ohun kan ló yàtọ̀, òun gan-an lọ̀rọ̀ mi dá lé. Adẹ́mu kì í tú igbà rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kanlẹ̀. Ọdẹ tiwa ń fi igbà gun igi ni. Bó bá ti dórí ẹ̀gùn, á tú u, á fi í kọ́ ẹ̀ka, á sì jókòó láìso ara rẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Òru ń bẹ níwájú rẹ̀, oorun sì ń bẹ lójú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nínú oṣù Bélú, ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣọ́ ìgalà. Ilẹ̀ mọ́, a ò rí i. A wá a dé ìdí igi, a bá a nílẹ̀, ìrì ti pa á, kò lè dìde. Oorun ló gbé e lórí ẹ̀gùn. Ìbàdí rẹ̀ fọ́. Ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun, oṣù mẹ́jọ gbáko, kó tó lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò dẹ igbó mọ́.

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe nílé wa tí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀. A ò béèrè pé kí ni ọkùnrin náà so mọ́ra. A béèrè pé ta ló ṣe é. Ojú gbogbo wá yí sí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní ó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́, ó sì fọwọ́ kan àpò ọdẹ ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà sunkún, ó ní òun ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kó búra níwájú Ògún, ó fẹnu kan irin, ó búra. Síbẹ̀, àwọn kan ní irin ò níí ṣe é kíákíá, ó ń dúró dè é ni. Wọn ò lé e nílé. Ṣùgbọ́n láti ọdún náà, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan oúnjẹ ọdún Ògún mọ́. Bí a bá ń yan èsun iṣu, á jókòó sẹ́yìnkùlé. Ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ nípa ẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan sí wa rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mi ò sọ. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣubú yẹn, èmi ni mo lọ yá igbà rẹ̀. Mo fẹ́ fi kọ ẹyìn mẹ́ta péré. Mo ní màá dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Mo kọ ẹyìn tán, mo bá àwọn ọ̀rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu, mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí mo máa dìde, ilẹ̀ ti ṣú. Mo ní ó di àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè mí, nígbà tí kò rí mi, ó fi ọwọ́ lásán gun igi, ó di ìtàkùn mú gòkè. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó jókòó. Igbà náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan obìnrin yẹn. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo dákẹ́.

Ọlọ́fà ilẹ̀ òkèèrè

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í yìnbọn. Ìpínlẹ̀ Georgia ló ń gbé, ọrun ló sì fi ń dẹ igbó. Ìjọba ibẹ̀ ló ń ya àkókò ọdẹ sọ́tọ̀. Tí oṣù Ọwẹ́wẹ̀ bá dé, àwọn ọlọ́fà ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí igbó fún kó tó kan àwọn oníbọn. Ẹran tó ń pa ni wọ́n ń pè ní deer, àwa a sì máa túmọ̀ ẹ̀ sí àgbọ̀nrín. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá o. Akọ deer á bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, á tún hu òmíràn. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa kì í bọ́. Kò sí deer nínú igbó Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra: imú tó mú, ẹ̀rù tó pọ̀, àti ìrìn àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́.

Ọrun ò dà bí ìbọn. Ọlọ́fà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹran sún mọ́ òun tó bí ìgbésẹ̀ 20 sí 30, kó tó fa ọsán. Bí ọfà bá lọ, tí kò bá ibi tó yẹ, ẹran á jìyà lásán. Nítorí náà, wọ́n ń lọ sórí igi, bí ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20, wọ́n ń dákẹ́, wọ́n sì ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ dorí kọ. Ó ní ṣíṣubú látorí igi wà lára ohun tó ń ṣe ọdẹ ibẹ̀ léṣe jù lọ, òótọ́ sì ni. Ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gun igi pé kó so ara rẹ̀.

Ó tún sọ nǹkan kan tó dùn mọ́ wa nínú. Nílẹ̀ wa níbí, Ògún ló gba ẹnu ọdẹ, ìwọ̀nba ilé ló kù tó ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọlọ́fà. Ṣùgbọ́n ní Bàhíà, nílẹ̀ Brazil, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gbé e dání. Kétu ni wọ́n ń pe ẹ̀ka ìsìn wọn kan tó tóbi gan-an, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n sì gbà pé ó jọba Kétu. Ọrun àti ọfà tí wọ́n fi irin rọ fún un, “ofá” ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe tò lẹ́nu wọn. Ní Cuba, Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé pọ̀ sójú kan. Wọ́n gbà pé ọ̀kan ń la ọ̀nà, ìkejì ń ta ọfà.

Àwọn baba wa náà ta ọfà. Ìtàn ẹnu àwọn àgbà sọ pé ọdẹ ti mọ abẹ́ Olúmọ kí Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀ ní 1830. Ogun ló sọ ìbọn di ohun èlò gbogbo ilé. Nígbà tí Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, tó sì tún padà wá ní 1864, ìbọn ló wà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun wa. Ìbọn náà ló sì bá ọdẹ wọ igbó. Mi ò sọ pé kí a ju ṣakabùlà nù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tí ọmọ yìí gbé dé kì í ṣe àjèjì sí ilé wa.

Ṣé ewúrẹ́ ni ọdẹ tí a ó so mọ́ igi?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ̀ṣe, lẹ́yìn tí a ti bọ Ògún tán, ọmọ náà gbé gàárì jáde kí gbogbo ilé rí i. Àgbà ọdẹ wa kan, tí ó ju ẹni 80 ọdún lọ, mi orí. Ó ní, “Ewúrẹ́ là ń so mọ́ igi. Bí ohun tí ojú ò gbọdọ̀ rí bá yọ lóru, ta ló máa tú ọdẹ náà sílẹ̀? Ọdẹ tó so ara rẹ̀, Ògún ni kò gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe pé kí ọmọdé gun igi lásán. Ìjókòó ló wà lórí igi yìí. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ wá jókòó síbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá rí fún wa.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ wá fi hàn án pé ẹni tó wà nínú gàárì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tú kókó, kó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Adẹ́mu wa, tó gbé ẹmu ọdún wá, ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó parí ẹjọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹmu tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ta ló gbé e sọ̀ kalẹ̀? Èmi ni. Kí ni mo fi gun ọ̀pẹ? Igbà ni. Màrìwò tí ẹ fi wọ Ògún láṣọ láàárọ̀ yìí, ẹni tó so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ ló gé e. Bí okùn bá jẹ́ àbùkù lójú Ògún, a ò bá má ti rí ẹmu fún un.”

Ibi gbogbo pa rọ́rọ́. Ẹnìkan tó ń wa mọ́tò lọ sí Ìbàdàn fi tiẹ̀ kún un: ó ní òun ń bọ Ògún lọ́dọọdún nítorí mọ́tò òun, bẹ́ẹ̀ òun ò jẹ́ gbéra láìde bẹ́líìtì. Bàbá àgbà gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán. Ó ní, “Ẹ gbé okùn yẹn wá kí n fọwọ́ kàn án.”

Ọjọ́ tí mo gun igi

Ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni ọmọ so mí mọ́ igi àyùnrẹ́ kan lẹ́yìn ilé. Kò jẹ́ kí n lọ sókè. Ó ní ibi tó ga tó orúnkún ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, kí ara mọ̀ ọ́n kó tó di pé èèyàn ń lọ sókè. Àwọn ọmọdé pé lé mi lórí, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Bàbá Kékeré, ẹ tú ọwọ́ yín sílẹ̀.” Ọwọ́ mi ò tú. Mo di igi mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Ó tún wí. Mo tú ọwọ́ kan. Mo tú ìkejì. Mi ò ṣubú. Okùn gbé mi.

Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi. Gbogbo ohun tó yẹ kó wà láàárín ẹ̀gbọ́n mi àti ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, okùn lásán ni. Ọmọ náà fi ìka nu gàárì lára mi, ó ní, “Torí ohun tó ṣe bàbá mi ni mo ṣe rà á. Wọn ò lè dẹ igbó mọ́, ẹ̀yin lẹ kù. Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹ̀yin náà.” Èmi ló gbé e fún.

Lálẹ́, mo mú igbà náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ ní yàrá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo rò ó fún wọn bí mo ti rò ó fún yín yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi gba igbà, ó fi ọwọ́ pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Ká ní o dá a padà, ó ṣeé ṣe kí n ṣì ṣubú. Nígbà wo ni mo so igbà mọ́ra lórí ẹ̀gùn rí? A ti ń tú u, a ti ń fi kọ́ ẹ̀ka, láti ìgbà bàbá wa. Dìde.” Mo mọ̀ pé ó fẹ́ mú ẹrù fúyẹ́ lórí mi ni. Ó fúyẹ́ díẹ̀. Kò tán.

Ìyàwó rẹ̀ ò tètè sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ ti bẹ̀ mí, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti dá mi lẹ́bi, inú yàrá lẹ ti ń dá mi láre.”

Mi ò lè fèsì. Ní ìpàdé ẹbí tó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo sọ ọ́ lójú gbogbo ilé. Àwọn tó wà nílé gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, ní London, ní Houston, tí wọ́n ti rò ó fún yín pé obìnrin yẹn ló ba àpò ọdẹ jẹ́, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Èmi ni mo yá igbà tí mi ò dá a padà, èmi náà ni mo sì dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan mú dání

Mi ò sọ pé kí a pa èèwọ̀ tì. Èèwọ̀ ọdẹ ń bẹ, a sì ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá ṣubú, ẹ kọ́kọ́ wo okùn, kí ẹ tó wo obìnrin. Ẹ̀yin ọdẹ àti akọpẹ, ẹ gba ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi:

1. Igi tí a fi aṣọ funfun dì, ìrókò, àti igi ojúbọ kankan, kì í ṣe igi tí à ń gùn ṣọdẹ. Ẹ wá igi tútù tó dúró ṣinṣin. Igi tó ti kú, tó ti ń rà, ẹ má gùn ún.

2. Láti ilẹ̀ dé òkè, àti láti òkè padà sílẹ̀, ẹ má wà láìso ara yín. Orí ẹ̀gùn gan-an ni okùn wúlò jù, torí pé oorun ń bẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí okùn náà tú yẹ̀ẹ̀. Okùn tó bá fàlẹ̀ á jẹ́ kí èèyàn já wálẹ̀ kó tó gbá a mú.

3. Ẹ yẹ igbà tàbí gàárì wò nígbà gbogbo kí ẹ tó gùn. Ibi tó ti bó, tó ti jẹrà, tí iná tàbí eku ti kàn, ó ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Oòrùn máa ń sọ okùn ọ̀rá di aláìlágbára, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí igi. Okùn tí a fi ń so ewúrẹ́ kì í ṣe okùn tí a fi ń gbé èèyàn, ẹ má sì ní kí télọ̀ àdúgbò rán gàárì fún yín.

4. Ẹ má gbé ìbọn tàbí ọrun gun igi. Ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó nísàlẹ̀, kí ẹ fà á gòkè lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ara yín tán. Ìbọn tí a ti kì kò gbọdọ̀ wà lára okùn náà.

5. Ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé. Ká ní a mọ igi tí ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́jọ́ yẹn, kì bá tí sùn sínú ìrì.

6. Bí ẹnìkan bá gbé kọ́ sínú okùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan nǹkan kan, ẹ yára sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣàn jọ sí ẹsẹ̀, èèyàn lè dákú, ó sì lè kú. Torí ẹ̀ ni pẹpẹ ẹsẹ̀ fi wà.

7. Ẹni tó bá ṣubú, ẹ má gbé e lójijì, ẹ má yí ọrùn rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó gbọọrọ, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí a bá fẹ́ dífá, babaláwo á ṣì wà nílé nígbà tí a bá dé.

8. Ẹni tó bá yá igbà, kó dá a padà lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà tó ń jẹ ẹ́ nínú igbó, bó bá pẹran, kò ní fẹ́nìkan jẹ. Síbẹ̀, ọdẹ ń pín ẹran, torí pé ilé ló ń retí rẹ̀. Ohun tí ilé ń retí jù ni kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ògún tí à ń bọ kò ní kí á ṣubú kó tó mọ̀ pé a gbà á gbọ́.

Igbà ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní ojúbọ Ògún báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Ẹbí sì ti fẹnu kò lórí ọdún Ògún tó ń bọ̀: ìyàwó rẹ̀ ni yóò yan èsun iṣu. Ó ti ní òun fẹ́ iṣu tó tóbi, kí ẹnikẹ́ni má gbé èyí tó rọ wá fún òun. Èmi ni mo máa ru iṣu náà wálé láti oko.

Ògún á ṣọ́ àwọn tó wà lórí igi, á ṣọ́ àwọn tó wà lójú ọ̀nà. A ò ní í fi ẹ̀sùn aláìmọ̀kan kan aláìṣẹ̀. Àṣẹ.